Dókítà Ń Bọ̀ Wá Wo Eyín Àwọn Ọmọ Ẹṣin Wa

Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba, a kú ìtọ́jú ẹṣin o.

Dókítà ẹranko ń bọ̀ ní ibùso ẹṣin wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, láti wo ẹnu àwọn ọmọ ẹṣin tí a kò tíì yẹ eyín wọn wò rí. Àwọn tó ti tó ọdún 2 sí 3 ló kàn jù, pàápàá èyí tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjánu kọ́. Eyín kékeré kan máa ń hù síwájú eyín ẹ̀yìn àwọn ẹṣin mìíràn, irin ìjánu sì lè máa gún un. Bí ẹṣin yín bá ń ju orí, tí koríko tó ń jẹ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ìṣù-ìṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu ló ń dùn ún.

Dókítà lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ara rẹ̀ balẹ̀, kó tó fi fáìlì rẹ́ eyín tó mú. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání, kí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́ sì bá a wá.

Ẹ fi orúkọ ẹṣin àti ọjọ́ orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí Ọjọ́bọ̀ tó ṣú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́