Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yé fi àwòrán àwọn ọmọdé ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá àti ẹ̀yin yòókù tí lẹ́tà yìí bá kàn lára, ẹ kú dédé ìwòyí o. Èmi kì í sábà kọ nǹkan gígùn sórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa níbí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà kòrónà, ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń tú ẹrù, ó bá rí ìwé ẹ́sásáìsì tí àbúrò ẹ̀ fi yàwòrán nígbà kónílé-ó-gbélé, ló bá gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú ọmọ wo ló ń ya èèyàn tí ò lẹ́nu. Ọmọ yẹn rí i. Ó fa gbogbo ìwé náà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, kò sì yàwòrán kankan mọ́ látìgbà yẹn.

Èèyàn tí ò lẹ́nu! Ìbòmú kọ́ ni? Ṣé ẹ ti gbàgbé bí gbogbo wa ṣe bo ẹnu kiri ni?

Mo rí ọ̀kan nínú àwòrán yẹn kó tó fà á ya, torí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí mi. Ilé kan ló yà, àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ lọ. Níta, táyà ń jó, ó fi bírò pupa tẹ ibẹ̀ títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn tòun tàdá. Bàbá ẹ̀ nìyẹn o. Ẹ rántí April 2020, nígbà tí ariwo àwọn adigunjalè tí wọ́n ń pè ní Wàn Mílíọ̀nù Bọ́ìsì gba Èkó àti Ògùn kan, táwọn ọkùnrin ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú, tí wọ́n ń dáná sun táyà ní ìkóríta. Bàbá wà níta, ọmọ wà nínú ilé ó ń gbóòórùn táyà, ta ló bi í léèrè pé ṣé ẹ̀rù ń bà á?

Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn. Ọmọ ò lè sọ ọ́ lẹ́nu, ó fọwọ́ sọ ọ́, ẹ̀yin sì fi ẹ̀rín pa á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibo ló tún kù tó máa gbé e sí?

Kòrónà ò jìnnà sí wa. Ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 27 February 2020, Ewékorò ló wá ṣiṣẹ́, kò sì jìnnà rárá sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ti iléèwé pa nínú oṣù March. Èkó àti Àbújá wọ lọ́kídáànù ní 30 March, tiwa ní Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní 3 April torí gómìnà bẹ̀bẹ̀ pé káwọn èèyàn kọ́kọ́ wá oúnjẹ sílé. Àwa àgbà sọ tiwa, a pariwo pálíétìfù, a bá ara wa jiyàn lórí fóònù pé àìsàn yẹn wà àbí kò sí. Ọmọdé ńkọ́? “Jókòó jẹ́ẹ́.” Gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Ọmọdé ni mí nígbà ìjà òṣèlú tí wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ̀, 1965, tí wọ́n ń sun ilé kiri nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n á ní ká wọlé ká má sọ̀rọ̀. Èédú ni mo mú, mo ya ilé tó ń jó sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi rí i, wọn ò nà mí, wọ́n ní ta ló ń gbé nínú ilé yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sunkún, mo jẹun, mo sùn.

Ìyá mi sì jẹ́ aláàdìrẹ ní Ìtòkú, ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya aṣọ. Wọ́n ní àdìrẹ Olóba kan, tí wọ́n ya ọba sí lára, nínú àpótí, èyí tí wọ́n ṣe ní 1935 nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn ò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n ti fi ọwọ́ wọn gbé nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé kí ló dé tí imú ọba ò jọ imú?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán ọmọ pawó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ń wá láìkì, ojú ò tì yín? Ẹ̀yin tíṣà náà tí ẹ ń na ọmọ torí ó yàwòrán sẹ́yìn ìwé ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tó yà kẹ́ ẹ tó mú pàṣán!

Ní Ítálì, nígbà tí ilé tì pa, àwọn ọmọ ya òṣùmàrè so mọ́ fèrèsé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ á dáa, àwọn ọmọ Ìlú Ọba náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Tiwa ya táyà tó ń jó torí táyà ni wọ́n rí, kẹ́ ẹ má fipá mú wọn ya òṣùmàrè o.

Ìyàwó ilé tó bá ṣì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, má fi di ẹ̀pà. Bí ọmọ ẹ bá mú un wá, má sọ pé ó rẹwà, má sọ pé kò rẹwà, sọ pé “sọ fún mi, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?”, kó o sì dákẹ́. Bó bá ya iná lójoojúmọ́, tí ò sùn, wá ẹni tó mọ̀ nípa ọmọdé, ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò l'Ábẹ́òkúta wà nítòsí, wọ́n máa ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé náà. Ìwọ ẹ̀gbọ́n tó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì, lọ bẹ àbúrò ẹ, lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí ẹ̀ àti ọdún tó yà á sẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí bírò máa ń hàn sí òdìkejì.