Lẹ́tà sí Àkànjí lórí iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ológun

Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara

Àkànjí ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní àdéhùn rẹ pẹ̀lú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kò ní pẹ́ parí, pé o kò sì fẹ́ ṣe òmíràn, nítorí pé iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ láti ara pákó gbígbẹ́ ni ọkàn rẹ fà sí. Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé ìfàsẹ́yìn ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kí o gba iṣẹ́ náà bí ó ṣe yẹ kí a gbà á.

Ka ìtàn ìgbésí ayé Werner Drewes, ayàwòrán tó ń tẹ àwòrán láti ara pákó gbígbẹ́, dáadáa. Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1899, ọmọ pásítọ̀ ni, ọ̀dọ́ sì ni nígbà tí wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí ogun parí, ó lọ sí Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Weimar ní Jámánì, ní ọdún 1921, ó sì tún padà sí ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà tó ti kó lọ sí ìlú Dessau, níbi tí ayàwòrán Kandinsky ti ń kọ́ni. Ní ọdún 1930 ó ṣí lọ sí New York, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ta ni ì bá máa wá àwòrán àjèjì rà nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ olùkọ́ ló dì mú: ó kọ́ni ní Yunifásítì Columbia ní New York, ó sì kọ́ni ní Washington University ní St. Louis láti 1946 títí di 1965. Ó wá ń gbẹ́ pákó, ó ń tẹ àwòrán, títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọdún 1985 ló kú.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, Àkànjí. Nítorí náà, wá ohun tí yóò máa bọ́ ọ, kí o má baà máa tẹ ohunkóhun tí oníbàárà bá ṣáà ti béèrè.

O mọ ilé ìtẹ̀wé mi, o sì ti rí mi tí mo ń to lẹ́tà òjé lódìlódì kí ó lè dúró dáadáa lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó rí: ohun tí o gbẹ́ sọnù ni yóò funfun, ohun tí o fi sílẹ̀ ni rólà yóò fi íǹkì kùn, apá ọ̀tún yóò sì di apá òsì. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti gbé lọ kò ṣeé dá padà. Bí àwọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba pákó tirẹ̀, ìwé sì gbọ́dọ̀ bọ́ sójú àmì kan náà nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ yóò yẹ̀. Kí ẹ̀dà ogún jọra wọn délẹ̀délẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ aláìnísùúrù, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti gbà pé ọdún tí o fi ṣe ológun kò ṣòfò, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ láti ṣe ohun kan náà léraléra láìṣe é ní jákujàku.

Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àkókò rẹ tó pé. Ìjọba wọn máa ń san owó ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ti sìn, ó lè tó oṣù 36, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sìn fún ọdún mẹ́ta tí wọ́n sì fi ọlá dá sílẹ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀. Ìwé ìdásílẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ ní àbààwọ́n kankan.

Bí o bá wálé, a ó jọ lọ sí Èsìẹ́. Láti ọdún 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà níbẹ̀, ère òkúta tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn kan mú ohun ìjà dání. Wo ojú wọn, wo ìlà tí wọ́n fín sí wọn lójú, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé àwọn ará Weimar.

Kọ orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí o ń wò àti iye owó wọn ránṣẹ́ sí mi kí o tó buwọ́ lu ìwé kankan. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.