Bí Mo Ṣe Fi Fóònù Wọ Kọ̀ǹpútà: Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ilé ńkọ́? Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà rẹ pé kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ láti ọ́fíìsì kò gbà ọ́ wọlé. Nǹkan kan náà ló ṣe mí lóṣù tó kọjá. Mo tẹ orúkọ, mo tẹ páswọ́ọ̀dù, ó ní òun ò rí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ọ́fíìsì, tí òun máa bi bóyá èmi ni lóòótọ́. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, torí iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn.

Má rò pé ìwọ lo ṣe é. Sáfà ọ́fíìsì ló máa ń jẹ́rìí ẹni. Windows XP, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, máa ń tọ́jú ẹ̀rí àwọn èèyàn 10 tó wọlé gbẹ̀yìn, kó lè gbà wọ́n nígbà tí wọ́n bá jìnnà sí sáfà, ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì wọ èyí rí, kò mọ̀ ọ́ rárá. Àfi kó bá sáfà sọ̀rọ̀ kí o tó wọlé. Fóònù rẹ lè ṣe é.

Ní kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín fún ọ ní orúkọ alábòójútó ti orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan, kí o fi wọlé. Fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, kí o wá ṣe ìsopọ̀ dial-up, ìyẹn èyí tó ń pe nọ́ńbà kó tó so pọ̀, tó ń pe *99#. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni o, kọ̀ǹpútà ló ń fi sọ fún fóònù pé kó ṣí ọ̀nà GPRS, ìyẹn ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn máa gbé ọ dé, sáfà yín ṣì wà nínú odi ààbò ọ́fíìsì. Nítorí náà, ṣe ìsopọ̀ kejì, ti VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa gbé ọ wọ inú odi, kí o sì sọ nínú ètò rẹ̀ pé kó kọ́kọ́ pe ti *99# yẹn.

Ibi tí mo ti jìyà fún ọjọ́ mẹ́ta nìyí, jọ̀ọ́ kà á dáadáa. Bí o bá ń ṣe ìsopọ̀ náà, ó máa bi ọ́ bóyá tìrẹ nìkan ni tàbí ti gbogbo ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà náà. Mo ní tèmi nìkan, mo rò pé ìyẹn ló láàbò jù. Mo jáde, mo padà sójú ìwọlé, mo tẹ Options, mo fi àmì sínú àpótí dial-up. N ò rí ìsopọ̀ mi níbẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un ṣe. Àṣé lójú ìwọlé, ẹnikẹ́ni ò tíì wọlé, kò sì lè gbé ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo jáde. Ti gbogbo èèyàn ni kí o mú fún ìsopọ̀ méjèèjì.

Wáyà ni mo ní kí o lò torí pé Bluetooth tèmi kì í jí àfi tí mo bá wọlé tán.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo gbé fóònù sójú fèrèsé, níbi tí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kún. Mo yan VPN, mo tẹ OK. Ó ń pè. Ó ń yẹ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wò. Mo di ìdí wáyà náà mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú, n ò fẹ́ kó mì. Nígbà tó ṣe, mo rí orúkọ mi lójú rẹ̀. Mo pariwo!

Ó máa pẹ́ o. GPRS lè máà ju nǹkan bíi kílóbíìtì 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò tó 56 tí módẹ́ẹ̀mù fóònù ilé ń ṣèlérí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ètò ọ́fíìsì ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Má pa á. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n má pè ọ́, torí ìpè máa ń dá GPRS dúró lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárín rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tí o bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́ nìyẹn, o ò ní máa pe sáfà kí o tó wọlé mọ́. Gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ yìí. Èmi ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí láti orí rẹ̀, mò ń retí rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́