Lẹ́tà sí Bàbá Tó Dijú Níwájú Mi

Bàbá mi,

Ẹ kò mọ̀ mí, èmi náà kò sì mọ orúkọ yín. Ẹ̀yìn orí yín ni mo mọ̀, àti ohùn yín tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré. Alẹ́ ọjọ́ tí a jọ lọ gbọ́ ewì ni. Ẹ̀yin wà ní ìlà kejì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn yín gan-an. Ẹ ká apá pọ̀ mọ́ àyà, ẹ dorí kodò, ẹ sì dijú. Nígbà tí akéwì fi máa dé orí ewì kẹrin, mo fi ìgúnpá gún ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Wo Bàbá, wọ́n ti sùn lọ." Ọ̀rẹ́ mi yára fọwọ́ bo ẹnu. Èmi kò bo tèmi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Ẹ̀rín yẹn ló ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ mi ná.

Mo mú ìwé akéwì náà dání wá lọ́jọ́ náà, èyí tí mo ti fi bírò fa ìlà sí káàkiri. Èrò mi ni pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbádùn ewì láìsí ìwé lọ́wọ́, torí kí ìlà kan tó yé ọ, òmíràn ti kọjá. Ojú lè padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó fò. Etí kò rí ibi padà sí. Nítorí náà, bí obìnrin akéwì náà ṣe ń kà, ni ìka mi ń sáré tẹ̀lé e lórí ìwé. Nígbà tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan, orí mi dàrú. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, ó ti ka ewì náà tán, àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Inú bí mi sí i bí ìgbà tí tíṣà bá ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Kí ló dé tí kò lè ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ bó ṣe kọ ọ́?

Lẹ́yìn náà ni àsìkò ìbéèrè dé. Ẹ rántí àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ dìde? Ẹni àkọ́kọ́ kò béèrè nǹkan kan rárá, ìtàn ayé ara rẹ̀ ló sọ, ó wá sọ "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" mọ́ ọn nídìí. Ìkejì fẹ́ mọ ibi tí àwọn akéwì ti ń rí ìmísí. Ìkẹta fẹ́ mọ̀ bóyá ewì lè tún ayé ṣe. Mo ti ń kó ẹrù mi sínú àpò nígbà tí ẹ lajú, tí ẹ nawọ́ sókè, tí ẹ ní, "Nínú ewì kẹrin, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, 'ilẹ̀kùn', ẹ dákẹ́ díẹ̀. Dídákẹ́ yẹn pẹ́ ju ti àwọn ibi yòókù lọ. Kí ló wà níbẹ̀?"

Obìnrin náà wò yín títí. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. Ó ní ìlà méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nípa ìyá òun. Òun yọ wọ́n kí ìwé tó jáde, òun kò sì mọ̀ pé òun ṣì ń fi àyè wọn sílẹ̀ bí òun bá ń kà á sókè.

Mo yẹ ìwé tèmi wò. Lẹ́yìn "ilẹ̀kùn", kọ́mà ló wà níbẹ̀. Kọ́mà lásán.

Bàbá, ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìlara ló pọ̀ jù. Mo ti ka ewì yẹn bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹ̀yin gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì rí ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ewì. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo pa iná, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òkú. Ọdún 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ tó sì tún un sọ, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ bá àwọn akéwì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1889, wọ́n gbé e síwájú Robert Browning níbi àsè alẹ́ kan nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀ kan tó lókìkí, nípa àwọn mẹ́ta tó gẹṣin sáré gbé ìròyìn ayọ̀ lọ. Ó ka ìlà mélòó kan, ó dúró, ó gbìyànjú sí i, ó tún dúró. Ó wá tọrọ àforíjì pé òun kò rántí ewì òun fúnra òun mọ́. Àwọn tó wà nínú yàrá pariwo yẹ́ ẹ sí. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ló kú. Ìgbàgbé ló wà nínú ohùn rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́, mi ò sì lè sọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Èmi tí mo ń bínú sí ẹnì kan torí pé ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan!

Alfred Tennyson ka tirẹ̀ sórí ìda tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà, ní ọdún 1890, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀. Ewì nípa àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni. Ìda yẹn ti gbó, ó ń hó, ó ń ta pàràpàrà, ohùn bàbá náà sì dà bí ti ẹni tó ń pariwo láti ẹ̀yìn ògiri. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Ṣùgbọ́n ìró pátákò ẹṣin kò fara sin rárá, ó ń bọ̀ kìtìkìtì, ó dé ọ̀dọ̀ mi kí ìtumọ̀ tó dé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura sí ohun tí ẹ̀ ń ṣe nígbà tí ẹ dijú. Ẹ ò lé ìtumọ̀ kiri. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹṣin kọjá ná.

William Butler Yeats ló tún fẹ́ kó mi sí wàhálà. Láàárín ọdún 1931 sí 1937, ó ka ewì rẹ̀ lórí rédíò BBC. Ó ṣàlàyé pé wàhálà ńlá ni òun ṣe kí òun tó sọ wọ́n di ewì, ìdí nìyẹn tí òun kò fi ní kà wọ́n bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ ṣákálá. Ó wá ń fa ohùn, ó ń lọ́ ọ, bí ẹni ń pọfọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i pé àìsàn mi ni. Mo tún un gbọ́, mo tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, ẹ̀rín kò wá mọ́, mo sì rí i pé mo ti ń fi orí tẹ̀lé e. Ohun tó jọ àṣejù létí mi kì í ṣe àṣejù. Ìgboyà ẹni tí kò tijú pé ewì ni òun ń ké ni.

Èyí mú mi rántí àwọn akéwì òde òní, ẹ má bínú. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kó sínú ohùn kan ṣoṣo, èyí tó máa ń gbéra sókè ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan bíi pé wọ́n ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Bí ewì ìfẹ́ ni, ohùn yẹn. Bí ewì ogun ni, ohùn yẹn náà ni. Èyí tó tún burú jù ni àwa tí à ń gbọ́, tí a máa ń ṣe "hmm" bí ewì bá ti parí, kí aládùúgbò wa lè mọ̀ pé ó yé wa. Ẹ̀yin ò ṣe "hmm" lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé oorun ni.

Ìtàn kan wà tí mi ò lè fi pamọ́ fún yín. Ní ọdún 1952, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, ọmọ ọdún méjìlélógún, Barbara Cohen àti Marianne Roney, dá ilé iṣẹ́ Caedmon sílẹ̀ ní New York láti máa ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ohùn àwọn òǹkọ̀wé. Dylan Thomas ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ó ka ewì rẹ̀ tán, àwọn ewì náà kún ojú àwo kan, ojú kejì ṣófo. Wọ́n bi í pé kí ni wọn yóò fi sí i. Ó rántí ìtàn kan tó ti kọ fún ìwé ìròyìn, nípa ọdún Kérésìmesì nígbà èwe rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n fi dí àyè yẹn ló wá gbé àwo náà níyì jù lọ. Bí mo ṣe gbọ́ èyí, ẹ̀yin àti "ilẹ̀kùn" yín ni mo rò.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ nípa ewì, ó pẹ́ kí n tó mọ bí mo ṣe lè lò ó. Pọ́díkáàsì kan wà, PoemTalk, tí Al Filreis bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Pennsylvania ní ọdún 2007. Ènìyàn mẹ́rin á jókòó yí ewì kan ká, nígbà mìíràn ewì tí kò gùn rárá, wọ́n á sì máa tú u palẹ̀ lórí ìlà kan, lórí ọ̀rọ̀ kan. Àṣìṣe mi ni pé mo máa ń gbọ́ àríyànjiyàn wọn kí n tó gbọ́ ewì dáadáa. Ó wá dà bí ẹni tí wọ́n já àlọ́ fún kó tó gbọ́ àlọ́. Ní báyìí, màá gbọ́ ewì lẹ́ẹ̀mejì láìka ohunkóhun, màá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, màá sì padà gbọ́ ewì. Ìgbà kẹta yẹn ni adùn wà. Nígbà mìíràn, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ dáadáa, síbẹ̀ ewì náà á rọra yọ́ kúrò láàárín wọn bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́.

Akéwì tó ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé ewì ìṣẹ́jú kan ńkọ́? Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ obìnrin tiwa yẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Kó tó ka ewì kẹrin, gbólóhùn kan ló sọ: "Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ta ilé wa ni mo kọ èyí." Ó tán. Ó ṣílẹ̀kùn, kò fà wá wọlé.

Ohun mìíràn tí mo ti rí ni pé ohùn máa ń yan ìtumọ̀ fún wa. Àwa tí à ń sọ Yorùbá yẹ kó ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa. Ẹ kọ "oko mi ti de" sílẹ̀ láìfi àmì sí i: ṣé ọkọ ìyàwó ló dé ni, àbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀? Ìwé á máa wò yín. Ẹnu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó sọ ọ́, ó ti yàn. Ẹni tó bá ka ewì sókè ti fi ojú ara rẹ̀ hàn, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn yín. Ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, nígbà tí a ń jáde. Ẹ̀ ń wọ kóòtù yín, ẹ sì ń sọ fún ara yín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kò sí níta mọ́." Mo rò pé ìlà kan nínú ìwé ni. Mo délé, mo tú gbogbo ìwé náà yẹ̀wò, láti èèpo dé èèpo. Kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé wọ́n gba ohùn alẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀. Mo wá ewì kẹrin lọ. "Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ta ilé wa ni mo kọ èyí." Ó ń kà á, ohùn rẹ̀ tutù. Ó dé "ilẹ̀kùn". Ó dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti bú, ó mọ́ gaara, ó sún mọ́ ẹ̀rọ ju bí mo ṣe lérò lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín mi ni.

Mo ti gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn títí etí fi ń ro mí. Nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ó lè jẹ́ èémí. Ó lè jẹ́ àga tó dún. Ó lè jẹ́ pé obìnrin náà ń sọ ìlà tó ti yọ, láìmọ̀, lábẹ́ ohùn, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlà kejì sì gbọ́ ọ. Ó sì lè jẹ́ pé kò sọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ fúnra yín fi ìlà yẹn dí àyè tó ṣófo. Mo ti gbé ohùn rẹ̀ sókè, mo ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo ti fà á kó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín mi kò kúrò lórí rẹ̀.

Obìnrin náà yóò tún ka ewì ní oṣù tó ń bọ̀. Mi ò ní mú ìwé dání. Bí ẹ bá wá, màá dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ bá ti wọ kóòtù yín tán, kí n lè bi yín: ṣé òun ló sọ ọ́, àbí ẹ̀yin?

Èmi ni tiyín,
ẹni tó rẹ́rìn-ín.