Abíọ́nà, Ibo Lo Páàkì Sí?

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tí a ti gbóhùn rẹ kẹ́yìn. Ìyá rẹ ní kí n yé ka ọjọ́, mo sì ń kà á. Táíwò ni yóò ya fọ́tò ìwé yìí, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má kà á, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Táíwò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan tí ọmọ tiẹ̀ náà wà ní Perth, ní Australia lọ́dọ̀ yín, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun gbọ́ pé o ti kó kúrò nílé, pé inú mọ́tò lò ń sùn, pé o ti di alárìnkiri. Mo ní irọ́ ni. Mo fi ìbínú sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣebí ìwọ lo fi àwòrán Kósítà yẹn ránṣẹ́ sí mi lóṣù kẹta: o ti tú àga inú ẹ̀ dànù, ibùsùn wà níbi tí èrò ẹ̀yìn ń jókòó sí, gáàsì ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, sólà wà lórí òrùlé. Mi ò fi han ìyá rẹ. Mo ní o ra ọkọ̀ fún iṣẹ́ ni.

Kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní Kósítà, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà á. Ohun tí mò ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: bí ilẹ̀ bá ṣú, tí o bá páàkì, ta ló mọ ibi tí o wà?

Nínú ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, o ní o wà ní Norseman, o fẹ́ gba Eyre Highway lọ sí Ceduna. Mo ní kí ọmọ ilé òkè bá mi wo ọ̀nà náà lórí Google. Nǹkan bí 1,200 kìlómítà! Ó ní láàárín Balladonia àti Caiguna, 146 kìlómítà ni ọ̀nà fi gún gbọọrọ láìsí kọ́nà kankan. Èkó sí Ìbàdàn ò tó bẹ́ẹ̀. Nullarbor ni wọ́n ń pe pápá náà, ìyẹn ibi tí kò sígi. Ṣé o mọ ohun tí ọ̀nà tó gún ń ṣe fún dẹ́rẹ́bà? Oorun ni. Kọ́nà ló ń jí wa. Ọmọ náà tún ní wọ́n fi ọ̀dà sàmì sójú títì láwọn ibì kan kí bàálù àwọn dókítà lè rí ibi balẹ̀ sí. Ó rò pé ìyẹn á fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ibi tó jẹ́ pé bàálù ló ń wá gbé aláìsàn lójú títì, ṣé ibẹ̀ ni kí ọmọbìnrin mi máa dá sùn?

Owó oṣù tó kọjá kò wọlé. Torí ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé o. A ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Wọ́n gbé tíránsífọ́mà lọ, wọn ò tíì gbé e padà. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di oṣù kejìlá. Aṣọ ẹbí tìrẹ wà nílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò dáa.

Má wakọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, má sì wà á ní ìdájí. Ìwọ lo sọ fún mi pé ìgbà yẹn ni kangaroo máa ń jáde. Tó bá já lù ọ́, tẹ bíréèkì, má ṣe já ọwọ́ ọkọ̀. Ẹran tí dẹ́rẹ́bà ń sá fún ló ń dojú ọkọ̀ dé. Àwọn tírélà tó so méjì, mẹ́ta mọ́ra yẹn, tí o ní ó ń gùn tó mítà 53 lápá àríwá, fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì ju èyí tí o rò pé o nílò lọ. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, má fi í sílẹ̀ kí o máa fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ ni wọ́n á rí látòkè, wọn ò ní rí èèyàn. Odò tó bá sì gba orí títì kọjá, bó ti wù kó kéré, dúró dè é.

Apá òsì lẹ ń gbà lọ́hùn-ún. Apá òsì ni èmi náà fi kọ́ ọkọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí ìjọba yí wa sí ọ̀tún, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá mi kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní òun ò ní wakọ̀ láàárín àwọn wèrè. Títí dòní, tí mo bá lálàá pé mò ń wakọ̀, òsì ni mò ń gbà.

Olórí kunkun ni ọ́, o mọ̀. Nọ́ọ̀sì gidi, tí àwọn ìlú kéékèèké ń bẹ̀ pé kó wá ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún àwọn, ló wá ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ṣé o ti jẹun lónìí? Ta ló mọ ibi tí o wà?

Àwọn ará ibí ń sọ pé orúkọ ló ń ro ọ́. Wọn ò mọ ìdí orúkọ náà. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. A sọ fún ọ pé ọjà ni ìyá rẹ ń lọ tó fi bí ọ sójú ọ̀nà. Kì í ṣe ọjà. Èmi ló ń wá lọ. Ọdún 1988 ni, mo ti lo ọjọ́ mọ́kànlá láì délé, láì ránṣẹ́. Ó gbé oyún tó ti pé wọkọ̀ ní Oǹdó, ó fẹ́ lọ wò mí ní gáréèjì Orè, inú igbó ló ti rọbí. Ìyá alágbo kan tó wà nínú ọkọ̀ ló gbẹ̀bí. Àpò gààrí ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un.

Mo sọ fún gbogbo ẹbí pé gíábọ́ọ̀sì ló kú sí mi lọ́wọ́. Gíábọ́ọ̀sì ò kú. Ara ọkọ̀ mi le koko. Mo páàkì í sábẹ́ igi kan lẹ́yìn gáréèjì, mò ń sùn nínú ẹ̀, mò ń jẹ iṣu sísun, mi ò gbé èrò. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ká ní obìnrin ni, ó ṣeé ṣe kó rọrùn láti sọ fún ìyá rẹ. Mo kàn fẹ́ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pe orúkọ mi ni. Ó sì dùn mọ́ mi, Àjọkẹ́. Ohun tí mi ò lè sọ láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí mo rí ibùsùn rẹ nínú àwòrán yẹn, kí n tó bínú, mo ti gbọ́ bí òjò ṣe máa ń dún lórí páànù ọkọ̀.

Mo ti kọ ìwé kan ṣáájú èyí, tí mo ní kí o padà sílé kíákíá. Mo fà á ya. Ṣùgbọ́n kí o tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, fi orúkọ ibi tó kàn ránṣẹ́ sí mi, orúkọ lásán. Tó bá jẹ́ pé o fi owó oṣù tó kọjá ra ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, kò burú, má fi ránṣẹ́.

Ìyá rẹ ṣì rò pé ọkọ̀ iṣẹ́ ni. Ìwọ ni kí o sọ fún un. Ti Orè, èmi ni n ó sọ ọ́. Fún mi di ọjọ́ Ìsinmi.

Ṣé gíà kejì Kósítà yẹn ń wọlé dáadáa? Tó bá ń le, má fi agbára tì í.

Bàbá rẹ.