Sí Olóòtú: Ìdí Tí Àwọn Olólùfẹ́ Marillion Kò Fi Tíì Tú Ká

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé yín kọ láìpẹ́ yìí lórí orin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní progressive rock, tí àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ máa ń gé kúrú sí prog. Akọ̀wé yín ní orin tó gùn tó ogún ìṣẹ́jú ti bá ìgbà tirẹ̀ lọ, àti pé àwọn tó ṣì ń wọ́ lọ síbi eré irú àwọn ẹgbẹ́ olórin bẹ́ẹ̀ kò wá orin lọ, ìgbà èwe wọn tó ti kọjá ni wọ́n ń wá kiri. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè láti fèsì, nítorí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá.

N kò ní gbèjà gbogbo ẹgbẹ́ prog, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tí orin wọn gùn láìnídìí, tí ẹni tó ń ta gìtá kàn ń fi yé wa pé ìka òun yá. Ẹgbẹ́ Marillion ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Aylesbury ní 1979, nítorí pé ohun tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí ti ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kò ṣeé fi ìrántí ìgbà èwe ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìtàn wọn díẹ̀. Ní 1985, nígbà tí Fish jẹ́ akọrin wọn, àwo orin wọn tó ń jẹ́ Misplaced Childhood gba ipò kìíní lórí àtẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orin kan láti inú rẹ̀ sì dé ipò kejì. Ní 1988, Fish fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àná nìkan ni àwọn olólùfẹ́ wọn ń wá, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn ì bá ti ká ẹní wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Lóòótọ́, àwọn kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Steve Hogarth dé ní 1989, pẹ̀lú ohùn tí kò jọ ti Fish rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á. Láti ìgbà náà ni àwọn márùn-ún kan náà ti wà pa pọ̀: Hogarth lórí ohùn, Steve Rothery lórí gìtá, Pete Trewavas lórí gìtá básì, Mark Kelly lórí dùùrù, Ian Mosley lórí ìlù. Àwo tí wọ́n gbé jáde ní 2016 dé ipò kẹrin lórí àtẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2022 sì dé ipò kejì, láìsí pé ilé iṣẹ́ rédíò ń gbé orin wọn sáfẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ta ló ra àwọn àwo wọ̀nyí, bí kò ṣe àwọn tí akọ̀wé yín ní wọ́n ń sunkún àná?

Ọ̀rọ̀ owó ló tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà hàn jù. Ní 1997, ẹgbẹ́ náà jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kò ní lè wá kọrin ní Amẹ́ríkà, nítorí pé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ yóò jẹ àwọn ní gbèsè tó tó 60,000 dọ́là, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé ẹrù náà. Àwọn olólùfẹ́ wọn níbẹ̀ kò mí kanlẹ̀ kí wọ́n sì gbàgbé. Àwọn fúnra wọn ló la àkáǹtì ní báńkì, wọ́n dáwó jọ láàárín ara wọn, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ náà bẹ̀ wọ́n, títí owó fi pé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn bí ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ náà sì lọ.

Ohun tí èyí kọ́ wọn ni wọ́n lò ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ bóyá wọn yóò san owó àwo orin tí àwọn kò tíì gbà sílẹ̀. Ó lé ní 12,000 èèyàn tó san án, owó yẹn ni wọ́n sì fi ṣe àwo tó jáde ní 2001. Kò sí Kickstarter, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ti ń dáwó fún iṣẹ́ tí kò tíì jáde, nígbà náà. Ọdún 2009 ni ìyẹn dé. Fún àwo Marbles tó tẹ̀ lé e ní 2004, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ orúkọ àwọn tó sanwó ṣáájú sínú ìwé tó bá àkànṣe àwo náà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ni àwọn èèyàn wọ̀nyí san owó lé lórí, kì í ṣe àtúntẹ̀ orin àtijọ́.

Ní 2021, nígbà tí àrùn Covid ṣì ń da ètò rú, tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kò fẹ́ gba ewu rẹ̀ lọ́wọ́ olórin, ẹgbẹ́ náà tún tọ àwọn olólùfẹ́ wọn lọ. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ àwọn pẹ̀lú £150,000, kí gbèsè má bàa wó ilé wọn bí àìsàn bá dá ìrìn àjò náà dúró lójijì. Owó náà pé, wọ́n sì rìnrìn àjò wọn yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Mo mọ àwọn tó máa sọ pé ẹ̀tàn ni, pé olórin ń jẹ olólùfẹ́ rẹ̀ bí èèrà ṣe ń jẹ ṣúgà. Ṣùgbọ́n orí ìtàgé ni ìdáhùn wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yín kò dé rárá.

Ẹni tó bá gbọ́ orin wọn nínú àwo nìkan ti gbọ́ ìdajì. Orin tí a ń jó sí lójoojúmọ́ sábà máa ń ka mẹ́rin-mẹ́rin, ẹsẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí etí tó mọ̀ ọ́n. Orin prog fẹ́ràn kí ó máa ka méje, tàbí márùn-ún, tàbí kí ó fi méje bẹ̀rẹ̀ kí ó tó yà sí mẹ́rin láìkìlọ̀. Níbi eré Marillion, àlejò máa ń fi ara rẹ̀ hàn kíákíá: á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ á bá ìlù Mosley mu lẹ́ẹ̀mejì, á sì ṣìnà, á fọwọ́ sílẹ̀, á máa wo ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn kò pàtẹ́wọ́ rárá. Ìka rẹ̀ ni ó ń lù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí itan, méje, méje, méje, ojú rẹ̀ sì wà lára onílù, nítorí ó mọ ibi tí ìlù náà yóò ti ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí ó bá ṣẹ́ ẹ, gbogbo gbọ̀ngàn á mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbádùn yẹn kò sí nínú àwo, nítorí kò sí ẹni tí ẹ jọ máa mí.

Ti gìtá Rothery náà tún yàtọ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń sáré lórí okùn gìtá. Ó lè di ohùn kan ṣoṣo mú títí ẹni tó ń gbọ́ yóò fi máa ronú bóyá kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà á tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀, ìyẹn nìkan á sì tó láti mú kí àgbàlagbà ọkùnrin máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Hogarth ní tirẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó máa ń kúrò nídìí dùùrù wá síwájú ìtàgé, ìgbà kan sì wà tí igi tí wọ́n fi ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti ki ẹ̀rọ orin sínú rẹ̀, jẹ́ ohun èlò tó fi ń dáhùn orin. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àwa náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Orin gígùn náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹ wo àwo Brave ti 1994, tó lé ní àádọ́rin ìṣẹ́jú. Ìkéde àwọn ọlọ́pàá tí Hogarth gbọ́ lórí rédíò ló bí i: wọ́n rí ọmọbìnrin kan lórí afárá Severn, kò fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Ẹgbẹ́ náà kò yanjú àdììtú yẹn. Wọ́n hun ìgbé ayé kan fún un, ohun tó lè lé ọmọ ènìyàn dé orí afárá, wọ́n sì mú wa rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ẹ kò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí ó wọ ènìyàn lára. Nígbà tí wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí ìtàgé, ní 1994, lẹ́yìn náà ní 2002 àti 2013, àwọn èèyàn dúró gbọ́ ọ láìbéèrè orin mìíràn. Ẹni tó ń wá orin tó gbajúmọ̀ ní 1985 kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti 2002 ni wọ́n sì ti ń ṣe àpéjọ òpin ọ̀sẹ̀ tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó tàn dé Port Zélande ní Netherlands àti Montreal ní Kánádà, pẹ̀lú àwọn ibòmíràn. Alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀, ètò alẹ́ kan kì í sì í ṣe ètò alẹ́ kejì. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni ètò tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí olólùfẹ́ tó mọ ohun èlò orin lò gorí ìtàgé, kí ó gba ipò ọ̀kan nínú wọn fún orin kan. Mélòó nínú àwọn olórin tó gbajúmọ̀ lónìí ni yóò dìde lórí àga ìlù rẹ̀ fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì? Nígbà tí wọ́n ṣeré ní Royal Albert Hall ní London ní oṣù kẹwàá 2017, àwo wọn tuntun ni wọ́n fi gba apá kìíní, odindi rẹ̀, láìyọ orin kan, kí àwọn tó ń ta fayolíní, fèrè àti ìwo tó bá wọn dára pọ̀ ní apá kejì. Ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ pé àná ni èrò ń wá kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò.

N kò sọ pé a kò ní àléébù. A ní in. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò tíì dárí ji Hogarth pé kì í ṣe Fish, wọ́n sì ti fi ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ jà ìjà tí àwọn olórin méjèèjì kò rán wọn. Ó ti sú mi. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí, tí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn ń fi ojú iná fóònù wo ohun tó sanwó láti fi ojú ara rẹ̀ rí. Ní ti èyí, ẹgbẹ́ King Crimson, tí àwọn náà jẹ́ ẹgbẹ́ prog, ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ọdún ìkẹyìn wọn: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò, àyàfi nígbà tí eré bá parí, tí Tony Levin, ẹni tó ń ta gìtá básì, bá gbé kámẹ́rà tirẹ̀ sójú, ìgbà náà ni tolórí-tẹlẹ́mù lè yà á. Ó wù mí kí Marillion wo àwòkọ́ṣe náà, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ wa kan yóò bínú sí mi fún gbólóhùn yìí.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa irú orin yìí, ẹ rán akọ̀wé yín lọ síbi eré, kí ó má ṣe jókòó sí ọ́fíìsì kí ó sì máa ka ọjọ́ orí àwọn olórin fún wa. Kí ó dúró láàárín èrò, kì í ṣe níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn oníròyìn, kí ó sì má kọ ohunkóhun nípa ewú tó rí lórí àwọn èèyàn títí orin tó gùn jù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà yóò fi parí. Bí orin náà bá sú u, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N ó kà á, n kò sì ní kọ lẹ́tà mìíràn sí yín. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ó gbọ́ ọ tán ló fi sú u.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan