Lẹ́yìn "A Dúpẹ́"

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ kí ìyá kan nínú ìjọ wa tí wọ́n ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. (Wọ́n fún mi láyè láti sọ ọ́, wọ́n ní kí n má ṣáà dárúkọ.) Mo ní, "Mọ́mì, ara ńkọ́?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́, Pásítọ̀." Mo gbàdúrà, mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo dìde. Ìta ni ọmọ wọn ti wá sọ fún mi pé omi tí mo mu yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá òun jókòó sinmi kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ti wálẹ̀ sí 22.

Obìnrin tí ara rẹ̀ le, ó yẹ kí tirẹ̀ tó 36. Kẹ́mò tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà máa ń dí mùdùnmúdùn inú egungun lọ́wọ́, níbẹ̀ sì ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣòfò, tàbí kó má jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù, èròjà oúnjẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó ní lò. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì tí a máa ń rù lọ kò lè tún èyí ṣe o. Mílíìkì tilẹ̀ máa ń dín áyọ́ọ̀nù tí ara ń fà nínú oúnjẹ kù. Ẹ gbé e lọ nítorí ìfẹ́, ẹ má pè é ní òògùn ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan nínú wa ló là mí lójú sí ìwé kan tí àwọn oníṣègùn fi ń béèrè bí ara ṣe rí lọ́wọ́ aláìsàn, FACT-An ni wọ́n ń pè é. Láti 1997 ló ti wà. Gbólóhùn 47 ló wà nínú rẹ̀. 20 dá lórí àìtó ẹ̀jẹ̀, 13 nínú 20 yẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àárẹ̀ nìkan. Irú èyí ló wà níbẹ̀: "Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè jẹun." "Mo ní láti sùn lọ́sàn-án." "Òòyì ń kọ́ mi." Aláìsàn yóò ro ọjọ́ méje tó kọjá, yóò wá mú nọ́ńbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òdo dé 4. Kódà ọ̀rọ̀ lọ́kọláya wà níbẹ̀, èyí tí pásítọ̀ yín kò jẹ́ béèrè láé!

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ẹni méjì lè ní PCV kan náà, kí ọ̀kan máa ná ọjà Tákíẹ́, kí èkejì má lè ya irun orí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ka ẹ̀jẹ̀. Àárẹ̀, ẹni tó ń ṣe nìkan ló lè kà á. Tí wọ́n bá sì fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, ìwé náà ni yóò sọ bóyá ìgbé ayé onítọ̀hún yí padà, tàbí nọ́ńbà lásán ló gòkè.

Ẹ wo Máàkù orí 5. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12, mélòó ni PCV tirẹ̀ ìbá jẹ́? Síbẹ̀ ó la àárín èrò kọjá. Jáírù dúró níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, Jésù sì dúró gbọ́ títí obìnrin náà fi sọ gbogbo òtítọ́ fún un. "A dúpẹ́" kọ́ ló sọ.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́jọ́ àjọ̀dún akọrin, mo sọ lórí pẹpẹ pé ẹni tó mọ oore Olúwa kò ní jókòó. Ìyá yìí dìde. Ẹ dárí jì mí. Láti òní lọ, ẹni tó bá rẹ̀ kó jókòó kọrin.

Ẹ̀yin W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa, tó ń ṣe ìbẹ̀wò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu omi fún yín. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ lánàá, ẹni tó fọ aṣọ wọn, àti bóyá wọ́n lè dá dé ilé ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbá ilẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá fún ìyá yìí báyìí. Ìlú tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní 1907 ni Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, kò yẹ kí ọmọ ìjọ máa wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀ kiri. Ẹ̀yin tí ara yín le, ní pàtàkì ẹ̀yin ọ̀dọ́ LAUTECH, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ kí ẹ tó lọ sílé. Orúkọ tèmi ló wà lókè.